Àyànfẹ́olúwa Láàárín Ṣọ́jà àti Panápaná

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Àyànfẹ́olúwa, kò sì sí àgbàlagbà kan ní àdúgbò wa ní Mowe tí kò tíì gbà á nímọ̀ràn. Ó ti jáde girama, èsì wáẹ̀kì rẹ̀ dára, ó sì forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ méjì: ṣọ́jà àti panápaná. Àfi bí àwọn méjèèjì ṣe ní kó wá ṣe àyẹ̀wò ara ní Abẹ́òkúta, ní àárọ̀ Túsìdeè kan náà. Èèyàn ò sì lè pín ara rẹ̀ sí méjì bíi búrẹ́dì.

Sájẹ́ǹtì nínú iṣẹ́ ṣọ́jà ni bàbá rẹ̀, Adépọ̀jù, kó tó fẹ̀yìn tì. Òun náà ni olórí ètò ààbò fún ẹgbẹ́ àwọn onílé wa báyìí, ó sì ń ṣe é bí ẹni pé Mowe wà lójú ogun. Lójú tirẹ̀, kò sí nǹkan tí wọ́n ń yàn níbẹ̀.

"Panápaná?" ló wí. "Àwọn tó jẹ́ pé eérú ni wọ́n máa ń bá! Ilé á jó tán, wọ́n á wá máa fi omi fọ ilẹ̀."

"Dádì, ṣọ́jà mélòó lẹ ti rí tó pa iná?"

"Ṣọ́jà ló ń dá iná sílẹ̀!"

Èsì yìí dùn mọ́ ọn débi pé ó wá tún un sọ fún èmi náà ní ọjọ́ kejì.

Kì í ṣe pé Àyànfẹ́ kórìíra iṣẹ́ ṣọ́jà o. Láti kékeré ló ti ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà bàbá rẹ̀, tí yóò máa fi rìn gbọ̀ngbọ̀n káàkiri pálọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ elépo kan gbiná lójú títì márosẹ̀ nítòsí Ibafo, ọmọ náà sì wà nínú bọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn. Ó ní gbogbo ayé ló ń sá lọ, àwọn panápaná nìkan ló ń sá bọ̀. Láti ìgbà yẹn ni ojú àwọn tó ń sá bọ̀ yẹn kò ti kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń dá a dúró: bàbá rẹ̀ ti búra pé tó bá lọ síbẹ̀, kó má pe òun ní bàbá mọ́.

Ìyá rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ Adéṣọlá gbààwẹ̀ sí i, wọ́n sì jáde pẹ̀lú ìran.

"Mo rí aṣọ," ni wọ́n wí. "Mo rí bàtà. Mo rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n tò sórí ìlà."

Ìyá Àyànfẹ́ fò sókè, ó ní "Ògo!" Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọ̀ wo ni aṣọ ọ̀hún?"

"Ẹ̀mí ò fi àwọ̀ hàn mí."

Mo nígbàgbọ́ nínú ìran. Ọlọ́run ń sọ̀rọ̀, Ó ti bá èmi náà sọ̀rọ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí i pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ohun tí a lè yẹ̀ wò, ohùn Rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Túsìdeè yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì wa ra jẹnẹrétọ̀ tuntun. Kò sí ohun tuntun tí a kì í ta òróró sí: mọ́tò, ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ yìí ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, sàlẹ́ńsà rẹ̀ tí èéfín ń gbà jáde ti gbóná kọjá àlà. Pásítọ̀ ní kí wọ́n má pa á, kí ìbùkún lè bá a lórí iṣẹ́. Wọ́n da òróró ólífì lé e, kì í ṣe ìwọ̀nba.

Èéfín rú. Arákùnrin kan ní ògo Olúwa ti sọ̀kalẹ̀. Ẹnì kan ti ń dá orin. Lẹ́yìn náà ni ògo ọ̀hún mú kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mú pákó tí wọ́n fi ṣe àgọ́ jẹnẹrétọ̀, orin sì dúró.

Àyànfẹ́ ti ní nọ́ńbà àwọn panápaná lórí fóònù, ó pè wọ́n lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń da yanrìn, Sájẹ́ǹtì dúró láàárín wọn nínú kóòtù, ó ń pàṣẹ bí ọ̀gágun. Iná ti ń lá etí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Sájẹ́ǹtì ń pariwo. "Níbo ni wọ́n wà? Mo sọ ọ́!"

Fóònù Àyànfẹ́ dún. Ọ̀gá panápaná tó ń jẹ́ Mọ́nsúrù ni.

"Àbúrò, a ti dé tipẹ́, àwa là ń fun fèrè yìí! Wọ́n ti géètì yín pa, a ò sì rí ẹnì kankan níbí!"

Ọ̀rọ̀ géètì yìí, àṣẹ Sájẹ́ǹtì ni. Ó ní àwọn olè máa ń ja ilé wa nígbà tá a bá wà nínú ìsìn, nítorí náà, ọjọ́ Ìsinmi ni kí wọ́n máa ti géètì àdúgbò títí ìsìn yóò fi parí. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò Sájẹ́ǹtì.

"Dádì, kọ́kọ́rọ́ géètì!"

"Kọ́kọ́rọ́ kí ni? Gbé yanrìn!"

"Wọ́n ti dé, Dádì! Ẹ̀yin lẹ tì wọ́n mọ́ta!"

Sájẹ́ǹtì ki ọwọ́ bọ àpò. Kò fún ọmọ ní kọ́kọ́rọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sá lọ, táì rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn ọrùn bí ìrù ẹṣin.

Àwọn panápaná wọlé, wọ́n fi omi tó ń hó bí ọṣẹ bo iná náà mọ́lẹ̀, ó tán. Mọ́nsúrù, tí àmì ìforíkanlẹ̀ dúdú wà níwájú orí rẹ̀, nu ojú, ó ní "Alhamdulillah." Ìdajì ìjọ wa ti ṣe "Àmín" kí wọ́n tó rántí ibi tí wọ́n wà. Odindi oṣù kan la ti fi gbàdúrà lòdì sí iná àwọn ọ̀tá. Òróró tiwa ló ràn án, ẹni tí kì í bá wa gbàdúrà ló pa á. Mo ti bi Ọlọ́run léèrè. Kò tíì dá mi lóhùn.

"Ta ló ti géètì yẹn?" ni Mọ́nsúrù bèèrè.

Sájẹ́ǹtì kó ẹsẹ̀ pọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ bí ọmọ ogun níwájú ọ̀gá.

"Èmi ni, sà."

Ọkùnrin tó ń pè ní sà yìí lè jẹ́ ọmọ rẹ̀. Mọ́nsúrù wò ó, ó wo kóòtù tó kún fún yanrìn, ó kàn ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, Pásítọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá Àyànfẹ́ pé Ẹ̀mí ti wá fi àwọ̀ aṣọ hàn àwọn: ti panápaná ni. Àyànfẹ́ lọ kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀.

"Dádì, ọ̀dọ̀ àwọn panápaná ni mò ń lọ lọ́la. Màá ṣì máa pè yín ní Dádì; tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ má dá mi lóhùn."

Bàbá ń gbọn yanrìn kúrò lára kóòtù rẹ̀.

"Ta ni yóò sìn ẹ́ dé páàkì?" ló wí.

Òun náà ló sìn ín ní àárọ̀ Túsìdeè. Láti ilé dé páàkì ló fi ń kọ́ ọ bí yóò ṣe mí, bí yóò ṣe gbé ẹsẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta kún, ó ki orí bọ ojú fèrèsé.

"Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sáré, má ṣe ṣíwájú, má sì ṣe kẹ́yìn. Àárín ni kó o wà, wọn ò ní rí ẹ bá wí."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ṣe ṣe é?"

"Títí mo fi fẹ̀yìn tì!"

"Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi parí sí Sájẹ́ǹtì."

Ọkọ̀ ti ń rìn kó tó sọ ọ́, ọmọ yẹn gbọ́n. Bàbá rẹ̀ na ọwọ́, kò bá a. Ó dúró sínú eruku, ó bú sẹ́rìn-ín, ó pariwo tẹ̀ lé ọkọ̀ náà:

"Ó dáa! Ṣíwájú wọn!"