Ọjọ́ Tí Mo Pe Ọmọ Mi Ní Olódo Níwájú Tíṣà

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ èyí, nítorí èmi gan-an ni òmùgọ̀ inú rẹ̀, òmùgọ̀ kì í sì í kánjú.

Ìlọrin ni ilé mi, Sókótó ni mo ti ń ta aṣọ. Ní ọdún díẹ̀ kí òmìnira tó dé, ọmọbìnrin mi àkọ́bí wà ní kíláàsì kejì nílé-ìwé kan lẹ́bàá àdúgbò Tudun Wada níbẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni, òun ló sì ń ka lẹ́tà tó bá ti ilé wá fún gbogbo àgbàlagbà àgbàlá wa. Kò sí ẹni tó jẹ ìyàwó níyà tàbí tó sá fún àna rẹ̀ tí ọmọ yìí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá dé kíláàsì, a, b, d ni. Á sùn, tíṣà á nà án. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ní òun kò lọ mọ́, pé ọjà lòun á máa bá mi lọ.

Ìyàwó mi ní kí n tètè lọ rí tíṣà kó gbé e lọ sí kíláàsì kẹrin. Ó ní bí ọmọbìnrin bá ti jókòó ti aṣọ lọ́jà, ìwé rẹ̀ tán nìyẹn.

Mo wọ agbádá, mo lọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé a kì í yin ọmọ ẹni lójú ayé. Bí a bá gbé ọbẹ̀ fún àlejò, àwa á ní kò dùn, àlejò á ní ó dùn. Bí mo ṣe fẹ́ ṣe é nìyẹn.

Mo ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Olódo ọmọ mi yìí ń yọ yín lẹ́nu, àbí?" Mo wá dákẹ́ kó lè jà mí níyàn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni tíṣà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé. Ó tẹrí ba. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Mo fi kún un, mo ní orí rẹ̀ le bí òkúta. Ó ní òótọ́ ni mo sọ. Bí mo ṣe ń bú ọmọ tó ni ó ń gbè mí tó. Nígbẹ̀yìn ó ní bàbá tó mọ ọmọ rẹ̀ báyìí kò pọ̀, pé láti ọjọ́ Ajé òun á dá a padà sí kíláàsì kìn-ín-ní. Mo sì dúpẹ́! Ọpẹ́ ti mọ́ ẹnu mi lára.

Nígbà tí mo délé, mo ní ọ̀rọ̀ náà ti yanjú díẹ̀. Ìyàwó mi bi mí títí mo fi jẹ́wọ́.

"Ẹ lọ gbé ọmọ gòkè, ẹ gbé e jù sí kòtò," ó ní. "Ẹnu tí ẹ fi bú u náà lẹ máa fi tún un ṣe."

Ọmọ náà kò sunkún. Ó ká aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ó gbé e lé orí ẹrù ọjà mi. Èyí dùn mí ju ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo mú un lọ́wọ́ padà lọ. Mo wò yíká bí olè.

"Tíṣà, irọ́ ni mo pa lánàá. Wállàhì, ọmọ yìí gbọ́n jù mí lọ."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, mo mọ̀. Ṣé kí n wá pe àgbà ní òpùrọ́ ni?"

Ó na ìwé kíláàsì kẹrin sí i. Ọmọ kà á láìmí, ó tilẹ̀ ṣí ojú-ìwé kejì kí wọ́n tó ní kó ṣí i. Tíṣà ní kíláàsì kẹrin ni, ó parí.

Bí a ti ń bọ̀ nílé, ọmọ náà fà mí lágbádá. "Bàbá, ẹ tún èyí tí ẹ sọ fún tíṣà sọ."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Àwọn Hausa tó ń kọjá kò gbọ́ èdè wa. Mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Ó ní òun kò gbọ́ dáadáa.