Ìsọmọlórúkọ Tí A Kò Gbàṣẹ Fún

Títí dòní, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé nítorí ààbò ìlú ni wọ́n ṣe ń dí èèyàn lọ́wọ́, ara mi máa ń gbóná. Ẹ má bínú sí mi. Mo ti rí irú rẹ̀ rí ní Ìkòròdú, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí, tí ọmọ tuntun sì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí mi, Ìkòròdú ni mo lọ́kọ sí. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè lókè Ọya, nítorí náà ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni mo ń gbé nígbà tí mo lóyún àkọ́bí wa. Ó ku díẹ̀ kí n bímọ ni àwọn kan tí a ò mọ̀ dáná sun ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó orí ló ń bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú nígbà náà. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ọ̀rẹ́ bàbá ọkọ mi, jóná lọ́wọ́ méjèèjì níbi tó ti ń gbìyànjú àtipa iná náà.

Ẹ má rò pé mo fojú kéré ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi gan-an, tòyún-tòyún, ni mo ń po ẹ̀kọ tí wọ́n ń fi ṣíbí bù sí i lẹ́nu, nítorí kò lè di nǹkan kan mú. Kí wọ́n wá ẹni tó ṣe é rí, kí wọ́n tì í mọ́lé, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn.

Àmọ́ gbogbo wa pátá ni ìjọba kó pọ̀ mọ́ ọ̀daràn. Wọ́n lu agogo yí ìlú ká pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó èèyàn jọ, nílé tàbí níta, láìgbàṣẹ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó bá fẹ́ gbàṣẹ gbọ́dọ̀ sọ àwọn tó ń bọ̀, ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, àti ohun tí wọ́n fẹ́ jọ sọ.

Mo bí ọmọkùnrin. Bàbá ọkọ mi, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í fa wàhálà, lọ tọrọ àṣẹ ìsọmọlórúkọ. Wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn fẹ́ kọ́kọ́ yẹ àwọn tó ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ wò. Ìyá mi àtàwọn obìnrin ilé wa tó ń ta ẹja gbígbẹ ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò o!

"Ìyàwó, jẹ́ ká sún un síwájú," ni bàbá ọkọ mi wí. "Tàbí kó jẹ́ àwa ará ilé nìkan, kí ààfáà ṣe àdúrà kó máa lọ. Òfin yìí kì í ṣe tìtorí wa. Tìtorí àwọn tó dáná sun ọ̀rẹ́ mi ni."

"Bàbá, ẹ dákun, ọjọ́ kẹjọ ọmọ ò ṣeé sún. Tí kì í bá sì ṣe tìtorí wa, kí ló dé tó fi jẹ́ àwa ló mú?"

"Tí wọ́n bá tún sun ilé mìíràn ńkọ́?"

"Kí wọ́n mú ẹni tó sun ún. Ọmọ mi ò mọ ìṣáná."

Ó mirí, ó ní ẹnu mi ti pọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mi ò bá a jiyàn mọ́, àmọ́ mo ń bi ara mi léèrè. Bí mo bá tọrọ àṣẹ kí n tó sọ ọmọ mi lórúkọ, ṣé wọn ò ní í ní kí n wá tọrọ àṣẹ kí n tó fún un lọ́mú? Mo ránṣẹ́ sí ìyá mi pé kó máa bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, mo gbé ọmọ mi jáde, mo tẹ́ ẹní síwájú ilé, mo jókòó. Mi ò jalè, kí ni mo fẹ́ sá pamọ́ fún? Bàbá ọkọ mi wò mí títí, ó gbé àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ààfáà tẹ̀ lé e, ó ń wẹ̀yìn. Ìyá mi àtàwọn obìnrin Ẹ̀pẹ́ gòkè láti Ìpakodò, níbi tí ọkọ̀ ojú omi já wọn sí. Àwọn ará àdúgbò dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń wò wá, ẹ̀rù ò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ wa. Ọlọ́dẹ yẹn ló kọ́kọ́ sọdá wá bá wa, tòun taṣọ funfun tí wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀. Bó ṣe jókòó, gbogbo wọn tú yáyá wá bá wa.

Àdúrà ò tíì parí tí kọ́púrà kan fi dé pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá rẹ̀. Ó ní nítorí ààbò wa ni, èèyàn burúkú wà nílùú, ká tú ká.

Ọlọ́dẹ gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. "Èmi ni iná jó. Ta ló rán yín pé kẹ́ ẹ bá mi gbẹ̀san lára ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ?"

Kọ́púrà yíjú kúrò lára ọwọ́ náà. Ó béèrè ẹni tó pe èèyàn jọ. Mo ti ń dìde láti sọ pé èmi ni, ni bàbá ọkọ mi bá fọwọ́ tẹ èjìká mi mọ́lẹ̀.

"Èmi ni mo nilé," ó ní. "Èmi ni mo pè wọ́n."

Bí wọ́n ṣe dì í lápá mú, ó yíjú sí ààfáà. "Ẹ pe orúkọ ọmọ náà."

Ààfáà rẹ ohùn sílẹ̀. Ó pè é.

"Ẹ pè é sókè kí gbogbo wọn gbọ́."

Ó tún un pè, àwa náà gbà á lẹ́nu rẹ̀, a ń pariwo orúkọ náà títí wọ́n fi mú bàbá lọ. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, ẹkún ìbínú ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ti dọ̀tí, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ọlọ́pàá kan ló sìn ín wálé. Mo kúnlẹ̀, mo ń retí kó bá mi wí. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n mú òun gan-an ni wọn ì bá ti tú òun sílẹ̀, ká ní òun gbà pé òun ṣàṣìṣe, tí òun sì gbà láti tún ìsọmọlórúkọ náà ṣe lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá bá fún òun láṣẹ, àmọ́ òun kò gbà.

"Gbé e fún mi," ó ní.

Mo gbé ọmọ fún un. Ó pè é lórúkọ, ó tún un pè, ó wá kọjú sí ọlọ́pàá náà.

"Lọ sọ fún wọn pé ó ti ń jẹ́ ẹ."