Àsmá'ù Aláró àti Àwọn Ẹyẹ Tí Kò Gbọ́ Ti Aró

Ẹni tó bá dé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, tó ní ẹni tó mọ àwọ̀ lòun ń wá, ilé Àsmá'ù ni wọn yóò júwe fún un. Aláró ni, aláró ni ìyá tó bí i, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ti dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ débi pé tó bá gbé ọmọ ọlọ́mọ, ìyá ọmọ á kọ́kọ́ yẹ ọmọ wò tinú tẹ̀yìn kó tó gbà á padà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un pé ohun kan wà nípa àwọ̀ tí kò mọ̀.

Oníbàárà rẹ̀ kan ló kó ẹyẹ wọ ilé rẹ̀. Olúwatósìn lorúkọ ọmọ náà, báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Òkè-Ìlèwó, wọ́n wá gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ó gbé àgò kan wá fún Àsmá'ù, ẹyẹ bọ́jì méjì ló wà nínú rẹ̀. Ẹyẹ bọ́jì dà bí ayékòótọ́ tí wọ́n fọ̀ tó wá súnkì. Akọ rẹ̀ jẹ́ búlúù, imú rẹ̀ náà sì jẹ́ búlúù. Abo jẹ́ yẹ́lò, ojú rẹ̀ pupa, imú rẹ̀ rí bí àwọ̀ ilẹ̀.

"Mọ̀mí, wọn ò ní yọ yín lẹ́nu," Olúwatósìn ní. "Wọn ò pariwo rárá."

Irọ́ gbuu. Ṣùgbọ́n kí Àsmá'ù tó mọ̀ pé irọ́ ni, ó ti fẹ́ràn wọn.

Nígbà tó yá, abo yé ẹyin, ó sàba, ó pa ọmọ. Nígbà tí àwọn ọmọ hu ìyẹ́, gbogbo wọn pátá ló jẹ́ àwọ̀ ewé. Àsmá'ù pàtẹ́wọ́. "Kí ni mo sọ? Ẹ ti aṣọ búlúù bọ omi yẹ́lò, kí lẹ máa yọ jáde? Aró náà ni!" Láti ọjọ́ náà ló ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ẹyẹ ládùúgbò.

Ẹnì kan péré ni kò gbà. Bàbá Ògúnlọlá ni, àgbẹ̀ Ọdẹ́dá tó máa ń gbé láfún wá, èyí tí Àsmá'ù fi ń ro ẹ̀kọ tó ń kùn sára àdìrẹ. Bàbá náà ga, ó sì dákẹ́.

"Ìyá Mùs'áb," ó ní, "ohun tí ìyá ẹyẹ bá ń wò nígbà tó ń sàba lọmọ ń jọ. Ewúrẹ́ mi kan ń sùn ti ògiri funfun. Ọmọ funfun ló bí."

"Bàbá, kí ni ìyá yín ń wò nígbà tí wọ́n lóyún yín, tí ẹ fi ga báyìí? Ọ̀pẹ ni?"

"Ọ̀pẹ ni," ni bàbá dáhùn, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ó ṣì wà lẹ́yìn ilé wa."

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Àsmá'ù lọ kí Mùs'áb ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tó padà dé, ó bá méjì nínú àwọn ẹyẹ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fi oúnjẹ sí ara wọn lẹ́nu bí ọkọ àti ìyàwó. "Asitafurulai! Ìyá kan náà, bàbá kan náà!" Ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Igbe tí wọ́n ké pọ̀ débi pé àwọn ará ilé wá bá wọn bẹ̀ ẹ́. Ó dá wọn padà síbi kan náà, abo sì yé ẹyin.

"Àwọ̀ ewé nìkan ni wọ́n máa bí," Àsmá'ù ní. "Ewé lára ewé, kí ló tún kù?"

"Ohun tó bá ń wò ni," Ògúnlọlá ní.

Wọ́n bá ara wọn ṣe ìlérí. Àsmá'ù tẹnu mọ́ ọn pé kì í ṣe tẹ́tẹ́ o, òun kì í ta tẹ́tẹ́. Bí gbogbo ọmọ bá jẹ́ àwọ̀ ewé, Ògúnlọlá á wá ro aró fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Àsmá'ù á lọ roko ní Ọdẹ́dá.

Ọmọ àkọ́kọ́ hu ìyẹ́ àwọ̀ ewé, Àsmá'ù jó yí àgò ká. Ìkejì hu búlúù. Ó ní bóyá ìdọ̀tí ni. Ìkẹta hu yẹ́lò. Ìkẹrin wá funfun báláú, ojú rẹ̀ pupa fòò. Aláró jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí Ògúnlọlá gbé láfún dé, ó wo inú àgò, ó sì yíjú sí okùn ẹ̀yìnkùlé. Ó nawọ́ sí àdìrẹ búlúù tí wọ́n sá, ó nawọ́ sí aṣọ funfun tí kò tíì wọ aró, lẹ́yìn náà ló wá nawọ́ sí gèlè yẹ́lò tó wà lórí Àsmá'ù gan-an. Ìyẹn ló dun Àsmá'ù jù.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé àgò lọ bá Akínrẹ̀mí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sin ẹyẹ tà ní Òkè-Ìlèwó. Akínrẹ̀mí rẹ́rìn-ín títí, ó wá bu ẹ̀wà funfun àti pupa sọ́wọ́.

"Mọ̀mí, ẹ̀jẹ̀ kì í pò bí aró. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀wà ṣe àwọ̀: ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀wà méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ọ̀kan péré ló sì máa fún ọmọ tirẹ̀. Àwọ̀ ewé lágbára ju búlúù lọ. Tí méjèèjì bá wà lára ẹyẹ kan, ewé nìkan lẹ máa rí, búlúù á sá pamọ́ síbẹ̀. Àmọ́ tí bàbá àti ìyá bá jọ fún ọmọ ní búlúù tí wọ́n fi pamọ́ ńkọ́?"

"Á di búlúù." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Yẹ́lò ńkọ́?"

"Ti ìyá àgbà wọn ni, olójú pupa yẹn. Ẹyẹ àwọ̀ ewé tí nǹkan kan fọ dúdú ara rẹ̀ kúrò ni. Tí nǹkan náà bá fọ ewé, yẹ́lò ló ń kù. Tó bá fọ búlúù, funfun ló ń kù. Bàbá wọn gbé e pamọ́ sára, ara àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ló ti wá hàn. Abo ni yẹ́lò àti funfun yìí, ẹ máa wò ó."

"Ṣé kì í wá ṣe pípò búlúù mọ́ yẹ́lò ló fa ewé àkọ́kọ́ yẹn?"

"Rárá, mà."

Àsmá'ù wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ti ṣí mọ́ṣáláṣí kúrò níbi tó wà. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ tún là. "Ṣùgbọ́n o ní nǹkan ń fọ̀ ọ́. Fífọ̀ wà níbẹ̀! Iṣẹ́ aláró náà kúkú ni."

Ó ra ẹ̀wà bọ̀ wálé, ó tò ó kalẹ̀ níwájú Ògúnlọlá, ó ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

"Gbogbo ẹ̀wà yìí," ó ní, "ohun tó ń sọ ni pé ìwọ kò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n!"

"Èmi kọ́ ni mo ṣèlérí láti roko."

Àsmá'ù kì í yẹ àdéhùn. Ó lọ sí Ọdẹ́dá, ó ró ìró mọ́dìí, ó kọjú sí oko ẹ̀gẹ́. Kó tó dọ̀sán, ẹ̀gẹ́ tó fi ọkọ́ gé ti pọ̀ ju koríko lọ. Ògúnlọlá fúnra rẹ̀ ló sáré wá gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá Mùs'áb, mo ti dárí jì ọ́. Jọ̀ọ́, lọ jókòó síbi òjìji."

Bí wọ́n ti jókòó síbẹ̀, tí wọ́n ń jẹ àgbàdo, bàbá ní òun náà fẹ́ sin bọ́jì. Àsmá'ù fún un ní akọ búlúù kan, bàbá sì gba abo aláwọ̀ ewé kan lọ́wọ́ Akínrẹ̀mí. Pupa ni Ògúnlọlá fẹ́ kí wọ́n bí. Akínrẹ̀mí ní kò sí bọ́jì pupa láyé yìí. Bàbá lọ ta aṣọ pupa kan síwájú àgò.

Búlúù àti ewé ni wọ́n bí. Ògúnlọlá ká aṣọ náà, ó gbé e wá sí Ìtòkú.

"Aṣọ yìí ló ti ṣá," ó ní. "Ìyá Mùs'áb, bá mi tún un pa láró, kó pupa dáadáa."

Àsmá'ù gbà á, kò janpata. Ó pa á títí ó fi pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó sá a, ó ká a, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ ta á súnmọ́ àgò o," ó ní, "kí ìyá ẹyẹ lè máa rí i dáadáa."