Ìtàn Ìràwọ̀ Lókè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ìyálé Mi

Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, mo máa ń gbọ́ bàtà ọmọ ọmọ mi bó ṣe ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi. Á dúró díẹ̀, á kúnlẹ̀, á ní, "Màmá, ẹ kú ọ̀sán o." Kí n tó dáhùn tán, bàtà náà ti ń dún lórí àtẹ̀gùn. Òkè ló ń lọ. Ọ̀dọ̀ ìyálé mi ló ń lọ.

Èmi ni mo bí bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa ní Ìsọlọ̀. Ṣùgbọ́n Màmá Òkè ni ọmọ náà ń pe ìyálé mi, ó sì ń pe èmi ní Màmá Ìsàlẹ̀ nígbà tó bá rò pé n kò gbọ́. Bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń fa "Òkè" yẹn lẹ́nu, bí ẹni ń lá oyin, ẹ ó mọ ohun tó ń ṣe mí.

Ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ ló jọ kọ́ ilé yìí. Àwọn méjèèjì ti lọ, ó ku àwa opó méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ọkọ mi ni ẹ̀gbọ́n. Èmi náà fi bí ọdún mẹ́ta ju ìyàwó àbúrò rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣì ń kàwé ní yunifásítì, òun ti wọ ilé ọkọ, ó ti ń dáná fún ìyá ọkọ wa. Nílẹ̀ wa, a kì í fi ọjọ́ ìbí ka àgbà láàárín ìyàwó ilé, ọjọ́ tí oníkálùkù wọlé la fi ń kà á. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi omi wẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà wọn, ọmọbìnrin tó kéré sí mi ti di ìyálé mi. Èmi ń sọ "ẹ" fún un, òun ń sọ "ìwọ" fún mi. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kọ́ ọmọ ní lítíréṣọ̀. Òun tí kò kọjá ìwé mẹ́fà.

Ohun tó ń gbé ọmọ náà gòkè ni ìtàn kan tí àwọn òyìnbó ti ń fi ṣe fíìmù láti ìgbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ìtàn àwọn tó ń gbé inú ìràwọ̀ ni, tí wọ́n ń wa ọkọ̀ lójú òfurufú, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì ń mú àṣẹ dání. Ayaba kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbé oòrùn mì. Á gbé oòrùn ìlú kan mì, òkùnkùn á ṣú, gbogbo ará ibẹ̀ á máa fọwọ́ wá ara wọn. Ọmọ àgbẹ̀ kan ló wá bá a jà. Fíìmù àkọ́kọ́ dùn, wọ́n ṣe ìkejì, wọ́n ṣe ìkẹta. Nígbà tí ìtàn tán lẹ́nu wọn, wọn kò gbà pé ó tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹ̀ka fún un. Ẹni tó kàn gbé abọ́ kọjá nínú fíìmù kan, wọ́n á fi odidi eré alápá mẹ́jọ sọ bó ṣe rí abọ́ náà. Ọmọ ọmọ mi mọ gbogbo ẹ̀ka wọ̀nyí bí ẹní mọ ìdílé ara rẹ̀. Bí òun àti àwọn òbí rẹ̀ bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Òkòtà báyìí, wọ́n á já a sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, òun àti kọ̀ǹpútà rẹ̀, di ìrọ̀lẹ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé tìtorí sólà tí ọmọ ìyálé mi fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ni. Mo ní kí wọ́n fa wáyà sólà náà wá sí ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n fà á. Fáànù ń fẹ́ nísàlẹ̀, iná ń tàn, èmi nìkan ni mo jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Mo wá pinnu pé n ó fi ìmọ̀ gba ọmọ mi padà. Mo ní kí bàbá rẹ̀ kó gbogbo fíìmù náà sínú fóònù mi, ti àtijọ́ àti ẹ̀ka wọn. Mo fi dígí sójú, mo wò wọ́n bí ẹní ń máàkì ìwé ìdánwò.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé fíìmù àkọ́kọ́ dára. Wọn kò sọ ibi tí ayaba yẹn ti wá, ìdí nìyẹn tó fi ń bani lẹ́rù. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀ka tuntun, wọ́n ti fi hàn wá pé ọmọ òrukàn ni, pé òtútù ló pa á jù ní kékeré, ìyẹn ló fi ń wá oòrùn kiri. Ẹni tí à ń sá fún tẹ́lẹ̀, a wá ń bá a sunkún! Bí mo bá ṣì ń kọ́ ọmọ, mo máa sọ fún wọn pé olùkọ̀tàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Èyí tó tún bí mi nínú jù ni ẹ̀ka tí wọ́n ṣe nípa ìyá àgbà tó kọ́ ọmọ àgbẹ̀ yẹn ní ogun jíjà. Ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni ẹ̀ka náà dá lé. Bí wọ́n bá ń ju iná lù ú, kí ni mo fẹ́ máa gbọ̀n fún? Mo mọ̀ pé yóò dàgbà. Mo sì mọ ibi tí yóò kú sí: nínú fíìmù àkọ́kọ́, kí ìtàn tó rìn jìnnà rárá, ayaba ló pa á níṣojú ọmọ tó ń kọ́.

Ẹ̀ka olùkọ́ yìí gan-an ni ọmọ ọmọ mi fẹ́ràn jù. Kò sì tíì wo fíìmù àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo se mọ́ínmọ́ín elẹ́yin, mo gbé e gòkè. Ọmọ náà wà lórí ẹní, ó gbé orí lé itan ìyálé mi tó jókòó sórí àga, kọ̀ǹpútà wà lórí àpótí níwájú wọn.

"Ìyàwó!" ìyálé mi ní. "Ìwọ náà wá wo ìràwọ̀? Jókòó o, má dí wa lójú."

"Ẹ kú ìsinmi, ìyá mi." Mo kọjú sí ọmọ náà. "Kí ló dé tí ẹ kò fi fíìmù àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Màmá Òkè ló ní ká bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí olùkọ́ ṣì wà ní ọ̀dọ́."

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú la máa ń kọ́kọ́ wò," ìyálé mi ní. "Ṣé èèyàn máa ń jẹ oúnjẹ alẹ́ kó tó jẹ tàárọ̀?"

"Kò rí bẹ́ẹ̀, ìyá mi. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni àgbà. Òun ni ìyókù fẹ̀yìn tì. Ẹni tí kò bá wò ó kò lè mọ adùn ìyókù."

Ọmọ náà gbé orí sókè. "Màmá, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bí ló yẹ kó jẹ́ àgbà. Ẹ ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ọjọ́ tó wọlé yan yín jẹ. Fíìmù tí ẹ̀ ń wí yẹn, ó kàn kọ́kọ́ wọlé ni."

Ìyálé mi rẹ́rìn-ín títí gèlè fi yọ̀ lórí rẹ̀. "Háà! Ọmọ yìí ti mú ẹ! Ìyàwó, ẹjọ́ ti tán."

"Bó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí la fẹ́ lò," mo ní, "ẹ dìde fún mi lórí àga yẹn."

"Àga tí ọmọ mi rà? Lọ sọ fún ọmọ tìẹ kó ra tìẹ."

Àwọn méjèèjì tún bú sẹ́rìn-ín. Mo jókòó sórí ìbùsùn bí àlejò, mọ́ínmọ́ín lẹ́sẹ̀ mi. Lójú kọ̀ǹpútà, ogun ti tán, ọ̀dọ́ olùkọ́ náà ń di ẹrù rẹ̀ láti padà sílé. Ọmọ náà di ọwọ́ ìyálé mi mú.

"Màmá Òkè, ó máa délé, àbí? Ó máa lọ́kọ, á bímọ."

"Jẹ́ ká máa wò ó," ìyálé mi ní.

Ọwọ́ yẹn ni mo rí. Ó dì í mú bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti bí i. "Kò ní bí ọmọ kankan," mo ní. "Ayaba ló máa pa á. Inú fíìmù àkọ́kọ́ ló wà, ìtàn ò tiẹ̀ ní rìn jìnnà."

Ọmọ náà dá fíìmù dúró. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Màmá, kí ló dé tí ẹ sọ ọ́?"

"Ká ní ẹ wò ó bó ṣe yẹ ni, wàá ti mọ̀."

Ìyálé mi kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀," ó ní.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ta ni ì bá sọ fún mi? Mo wò ó. Ní sinimá, lápá Òṣòdì, nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Èmi, ọkọ mi, àti ọkọ tìẹ. O ò rántí? Ìwọ lo wà nílé tó ò ń gúnyán fún àlejò ìyá wa."

Mo rántí. Ìyàwó tuntun ni mí, èmi ni mo kéré jù nílé, odó sì ń dúró dè mí. Wọ́n wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọkọ mi ní fíìmù òyìnbó kan ṣáá ni, ó sì ní kí n bu omi fún òun.

"Ìgbà tí olùkọ́ yẹn ṣubú," ìyálé mi ní, "ọkọ ẹ sunkún. Omi ń dà lójú ẹ̀ bíi ti ọmọdé. Ọkọ mi fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi délé. Ó bẹ̀ wá pé ká má sọ fún ẹ. Ó ní tíṣà ni ẹ́, wàá máa fi bú òun."

Mo bá ọkùnrin yẹn gbé títí ikú fi yà wá. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí a sin ọmọ wa kejì. Ojú rẹ̀ gbẹ. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn láàárín àwọn obìnrin, pé àpáta ni ọkọ mi. Àṣé ó ní omi lójú. Ẹ̀gbẹ́ obìnrin mìíràn ló ti da á sílẹ̀, nítorí ẹni tí kò sí láyé yìí rárá.

Ọmọ náà ti gbàgbé pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Wọn kò tíì bí i nígbà tí bàbá àgbà rẹ̀ kú. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó yíjú sí ìyálé mi. "Ṣé òun náà fẹ́ràn olùkọ́? Màmá Òkè, ẹ sọ fún mi. Aṣọ wo ló wọ̀? Kí ló sọ?"

"Bùbá aláwọ̀ ewé kan báyìí ni," ìyálé mi bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mo rán bùbá náà. Mo rí i pé wọ́n ti fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì tún ń mú ọkọ mọ́ ọn.

"Kì í ṣe olùkọ́ inú fíìmù ló ń sunkún fún," mo ní.

Àwọn méjèèjì wò mí.

"Ó ní olùkọ́ kan nígbà tó wà ní kékeré, nílé, ní apá Ọ̀yọ́. Obìnrin ni. Bàbá rẹ̀ ní kó máa bọ̀ lóko, obìnrin yẹn ló wá fà á lọ́wọ́ padà sí ilé ìwé. Ọdún tí wọ́n lọ sí sinimá yẹn ló kú. Ọkọ mi ò ráyè lọ sìnkú rẹ̀."

Irọ́ ni. Kò sí obìnrin kankan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe sọ ọ́ tán, èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Ọmọ náà fi ìdí wọ́ lórí ẹní títí ó fi dé ẹ̀bá ẹsẹ̀ mi.

"Kí lorúkọ olùkọ́ náà?"

"Ìtàn rẹ̀ gùn," mo ní. "Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nísàlẹ̀ ni mo ti máa ń rántí dáadáa."

Ìyálé mi tẹjú mọ́ mi. Ìlú kan náà ni òun àti ọkọ mi ti dàgbà, ilé ìwé kan náà ni wọ́n lọ, ó sì mọ̀ pé ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ló kọ́ gbogbo wọn. Mo ń retí kó sọ ọ́. Ó fa abọ́ mọ́ínmọ́ín mọ́ra, ó bó ewé kúrò lára ọ̀kan, ó jẹ ẹ́ díẹ̀.

"Iyọ̀ ẹ̀ kéré," ó ní.

Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ mi ni bàtà yẹn ti ń kọ́kọ́ wọlé lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo ti fún olùkọ́ náà ní kẹ̀kẹ́, mo ti fún un ní ilé lórí òkè, mo ti fún un ní ọ̀tá kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé. Ọmọ náà ń jókòó tì mí, ó ń bi mí ní ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kì í pẹ́ já sí ojú kan náà. Ó fẹ́ mọ bí ojú bàbá àgbà rẹ̀ ṣe rí nínú òkùnkùn sinimá, nígbà tí omi ń bọ́ níbẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti dá ìyẹn náà sílẹ̀. Kò wá. Mo máa ń ní kó lọ béèrè lókè.