Ọjọ́ tí Ẹlẹ́wù Pupa Ṣí Ìbòjú Rẹ̀ ní Ìlaròó

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ohun tí mo ń kọ síbí nípa àwọn ìwé akọni, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, kí n ròyìn Sátidé tó kọjá fún yín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dá rẹ́rìn-ín nídìí máṣíìnì ìránṣọ mi. Oníbàárà kan tiẹ̀ bi mí bóyá ara mi yá.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi ni kí n jókòó ti ìwé aláwòrán, kí n wo bí ayàwòrán ṣe fa ìlà ẹsẹ̀ akọni tó ń fò, kí n sì sọ fún yín ibi tó ti ṣe dáadáa àti ibi tó ti ṣe ìmẹ́lẹ́.

Nínú gbogbo wọn, Ẹlẹ́wù Pupa ni mo fẹ́ràn jù. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbí: obìnrin kan ni, tó ń gba àwọn ará ìlú rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀daràn. Ẹ̀wù àti ìbòjú bò ó látòkè délẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ọlọ́pàá ń wá a kiri láti mú un. Ó di ìwé kẹfà ká tó rí ojú rẹ̀. Ẹ̀dà ìwé kẹfà tí mo ní, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, láti òdìkejì ẹnubodè Ìdí-Ìrókò ló ti wá. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí ojú ewé yẹn, ta ló nílò ògbufọ̀? Mo pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù.

Wọ́n ti wá sọ ọ́ di fíìmù. Àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ ní Ìlaròó àti Ayétòrò, kálukú ló máa ń dá wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lórí fóònù kékeré. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ ká jọ wò ó níbì kan. Mo fẹ́ gbọ́ kí ẹlòmíràn mí kanlẹ̀ níbi tí èmi náà ti mí kanlẹ̀. Mo bẹ Gàníù, ẹni tó ni ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, títí ó fi fún wa ní Sátidé kan. Ó ní bí àwọn èèyàn bá wò ó dé òpin, òun yóò máa fún wa ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Bí wọ́n bá dìde láàárín, ká má tún dárúkọ akọni fún òun mọ́.

Ilé kún. Àwọn ọ̀dọ́ wá láti Ayétòrò. Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Délé, náà wá. Olùkọ́ ọmọdé ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kò ka ọ̀kankan rí nínú ìwé wọ̀nyí. Ó kó mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn dání, ó ní àwọn fẹ́ rí ohun tó ń gbé àbúrò òun lọ́kàn. Orí bẹ́ńṣì iwájú ni wọ́n jókòó sí.

Gàníù tan fíìmù sára ògiri, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀wù! Nínú ìwé, aṣọ pẹlẹbẹ kan ṣá ni. Nínú fíìmù, ọ̀já lórí ọ̀já ni, pupa lórí pupa, tó ń gbálẹ̀ bó ṣe ń rìn. Èmi aránṣọ mọ iṣẹ́ tó wà nídìí ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀wù egúngún mà rèé.

Kò pẹ́ rárá tí Ẹlẹ́wù Pupa wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìbòjú. Ìwé kẹfà ni èyí, wọn ò lè ṣe é nísinsìnyí! Wọ́n ṣe é. Ojú rẹ̀ hàn gbangba lára ògiri.

Ariwo sọ. Ṣọlá, ọ̀dọ́kùnrin tó ti ka gbogbo ìwé náà, dìde. Ó ní wọ́n ti bà á jẹ́, kí la tún fẹ́ wò? Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Gàníù wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ̀rọ̀, àmọ́ ilẹ̀ ni mo tẹjú mọ́.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi.

“Ṣé ó ti bojú padà?”

Mo wo iwájú. Àwọn obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dorí kodò, wọ́n fọwọ́ bojú.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe?”

“Obìnrin kì í wo ẹni tó wà nínú ẹ̀wù. Àbí o ò mọ̀ ni?”

“Fíìmù ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mo mọ̀ pé fíìmù ni. Ojú mi ni kò mọ̀.”

Ṣọlá ṣì wà lórí ìdúró. Ó bi wọ́n pé, “Màmá, ṣé ẹ ò rí i rárá ni?”

“Mi ò rí i. Bí o bá sì dán an wò láti sọ fún mi, mo mọ ìyá rẹ ní Ayétòrò.”

Ṣọlá rọra jókòó. Ẹ̀rín ti ń bẹ̀rẹ̀ lójú rẹ̀. Àwọn yòókù náà jókòó. Láti ìgbà náà lọ, nǹkan méjì la ń wò: ògiri àti bẹ́ńṣì iwájú.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó wà nínú ẹ̀wù. Ó ní pásítọ̀ inú fíìmù yẹn ni, ojú rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ìyá kejì ní rárá, dókítà ni. Ìgbà tí ẹni náà gan-an wọlé láìbojú, tó sì gbé nǹkan dání (mi ò ní í sọ ohun tó gbé), ẹ̀gbọ́n mi ní, “Èyí jẹ́jẹ́ o, ẹ fi í sílẹ̀.” Ẹnì kan ki fìlà bọ ẹnu kó má baà bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹnikẹ́ni tó tú u.

Kí n má gbàgbé iṣẹ́ mi: ìjà orí afárá, ìwé ṣe é dáadáa ju fíìmù lọ. Ìwé fi ojú ewé odindi kan sílẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Fíìmù da ariwo bò ó.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Ẹlẹ́wù Pupa dúró níwájú ọ̀gá ọlọ́pàá, ó tún gbé ọwọ́ lé ìbòjú. Kò sí ẹni tó ń wo ògiri mọ́, bẹ́ńṣì là ń wò. Mo rí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ sójú. Wọ́n fẹ́ pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì!

Èmi tí ẹ mọ̀, mo dìde láàárín gbogbo èrò, mo ké pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó! Obìnrin ni òun náà.”

Ṣọlá kérora pé mo ti tú ìdajì àṣírí. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ sílẹ̀. Ó wò ó. Ó dìde, ó nawọ́ sí ògiri. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí gbogbo wa.

“Ṣé gbogbo yín ti mọ̀ látẹ̀ẹ̀kan?”

Ilé hó bí ìgbà tí bọ́ọ̀lù wọlé. Bẹ́ńṣì kan kán. Gàníù ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ti di tiwa, àmọ́ ká máa rọra jókòó.

Ohun tí mo rí kọ́: mo ti máa ń rò pé ẹni tó mọ àṣírí ìtàn kò ní ìgbádùn kankan mọ́ níbẹ̀. Àṣé ìgbádùn rẹ̀ ni láti jókòó ti ẹni tí kò tíì mọ̀, kó sì pa ẹnu mọ́. Mo ṣì sọ pé wọ́n yára ṣí ìbòjú yẹn jù. Àmọ́ mo tún máa wò ó.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ jọ wo fíìmù akọni, tó jẹ́ pé òun gan-an lẹ wò ju fíìmù lọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ẹni tó wà nínú ẹ̀wù. Ẹ̀gbọ́n mi ń mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí kò tíì wò ó bọ̀ láti Ìlobí, ó sì ti ní òun fẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.