Ọmọ Tó Di Òrùka Kẹrin Mú

Mo ń bọ́ bàtà òjò lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó kan ẹni tó kẹ́yìn, mo fa ìborí kóòtù rẹ̀ sẹ́yìn kí n lè nu omi ojú rẹ̀. Ọmọ tí mo rí lábẹ́ ìborí náà, mi ò rí i rí láyé mi.

Ọmọkùnrin ni. Yóò ti tó ọmọ ọdún méjì ààbọ̀. Wọ́n di irun rẹ̀, imú rẹ̀ sì ń ṣàn díẹ̀. Ó ti fúnra rẹ̀ bọ́ bàtà, ó ti tò ó mọ́ ti àwọn yòókù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó wá ń wò mí. Ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè bisikíìtì lọ́wọ́ mi.

Mo wo ojú rẹ̀. Mo wo àwọn tó kù. Mo tún padà wo ojú rẹ̀, bí ẹni pé tí mo bá wò ó dáadáa yóò di ọ̀kan lára àwọn ọmọ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. 

Ilé Mọ́mì là ń gbé ní Peckham, nílùú òyìnbó, fúláàtì ìsàlẹ̀ tó ní àgbàlá kékeré lẹ́yìn. Mọ́mì kì í ṣe ìyá mi. Gbogbo ènìyàn ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn òbí tó ń gbé ọmọ wá láàárọ̀. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ kéékèèké nínú ilé wọn, pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Camberwell. Èmi ni mò ń ran Mọ́mì lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú mi wá síbẹ̀, torí ó ní iṣẹ́ ọmọ títọ́ kò ní kí n máa sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òótọ́ ló sọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà nílé kí ilé ìwé tó parí fún mi, ojú sì máa ń tì mí láàrin àgbàlagbà. Àmọ́ ojú kì í tì mí lọ́dọ̀ ọmọ ọdún méjì.

Ohun kan wà tí Mọ́mì kì í gbà. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni na ìka sí àwọn ọmọ kó máa kà wọ́n. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo bẹ̀rẹ̀ ní ení, èjì, Mọ́mì rọra gbá mi lọ́wọ́.

“Ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n ni?”

Orúkọ ni Mọ́mì máa ń pè. Ọmọ tí wọ́n bá pè á dáhùn pé, “Mà!” Àwọn tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ á gbé ọwọ́ sókè. Nínú ilé, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lójú títì tí bọ́ọ̀sì ń pariwo ni kò rọrùn, ìdí nìyẹn tí Mọ́mì fi ra okùn. Okùn gígùn kan ni, òrùka ike mẹ́rin ló wà lára rẹ̀ fún àwọn mẹ́rin tó lè rìn. Àwọn méjì tó kéré jù máa ń jókòó sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ tó ní ìjókòó méjì, Mọ́mì á máa tì í lọ níwájú, èmi á di ìparí okùn mú lẹ́yìn. Tí ọwọ́ bá ti wà lórí òrùka kọ̀ọ̀kan, a ti pé nìyẹn. Òrùka là ń kà, a ò ka ọmọ kankan. Mo rò pé ọgbọ́n ńlá ni.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, a lọ sí pápá ìṣeré, ibi tí iyanrìn wà fún àwọn ọmọdé. Ọmọbìnrin kan wà nínú àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀. Ìyá náà ti sọ fún wa láàárọ̀ pé ọmọ òun kò sùn dáadáa lóru. Kò pẹ́ tí a débẹ̀ tó fi sùn lọ lórí iyanrìn, ṣíbí ike ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí àyè nínú kẹ̀kẹ́, mo bá yọ ọ̀já mi nínú báàgì, mo gbé e pọ̀n. Ẹni tó bá ti pọn ọmọ rí á mọ bó ṣe máa ń rí. Tó bá ti ṣe díẹ̀, wàá gbàgbé pé ẹrù wà lẹ́yìn rẹ. Ọmọ náà á di ara ẹ̀yìn rẹ.

Òjò bá dé lójijì. Gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, kálukú ń fa ìborí bo ọmọ rẹ̀ lórí. Mọ́mì ti ń fi ọ̀rá bo kẹ̀kẹ́, wọ́n ní kí n yára. Mo na okùn, mo ní kí àwọn ọmọ di òrùka wọn mú. Ọwọ́ kéékèèké tó ti tutù ń jáde láti inú apá kóòtù, wọ́n ń di òrùka mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Ọwọ́ wà lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

“Ṣé ó pé?” Mọ́mì béèrè.

“Ó pé, mà.”

A sọdá títì. Mọ́tò dúró fún wa, ẹni tó ń wa ọkọ̀ juwọ́ sí àwọn ọmọ. Èmi tó wà lẹ́yìn, ẹ̀yìn kóòtù nìkan ni mò ń rí. Ohun tó ṣì ń yà mí lẹ́nu títí di òní ni pé ọmọ yẹn rìn dáadáa ju àwọn tiwa lọ. Kò jókòó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì fi òrùka sílẹ̀. Ó ń bá wa kọrin.

Mo pe Mọ́mì lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Wọ́n jáde láti yàrá, aṣọ ìnura wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo ọmọ náà.

“Ọmọ ta nìyí?”

“Mi ò mọ̀, mà.”

“O ò mọ̀ kẹ̀? Ta ló gbé e fún ọ?”

“Òrùka ló dì mú, mà.”

Mọ́mì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sáàrin bàtà tó tutù. Mi ò rí i rí kí wọ́n jókòó sílẹ̀ báyẹn. Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ ẹ̀yìn mi jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbún mi léjìká. Ó wá yé mi. Ẹni tó ni òrùka kẹrin ló ti ń sùn lẹ́yìn mi láti pápá, ọmọ ọlọ́mọ sì ti dúró sí àyè rẹ̀.

Mo ti gbọ́ ìtàn àwọn tó ń jí ọmọ gbé láti kékeré. Mi ò rò ó rí pé èmi náà lè gbé ọmọ lọ láìmọ̀, ní ọ̀sán gangan, tí mo tún ń kọrin fún un. Mo sọ fún Mọ́mì pé kí wọ́n jẹ́ kí n sáré dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Fóònù ti wà létí wọn.

“Òbí kan ń ya wèrè ní pápá báyìí, ìwọ ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.”

Mo di etí aṣọ wọn mú. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pe ọlọ́pàá, pé ìjọba á gba ìwé àṣẹ wọn, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ yẹn nìkan ni Mọ́mì ní. Wọn ò ní ọkọ mọ́, wọn ò ní nǹkan mìíràn tí wọ́n fi ń sanwó ilé.

“Tí wọ́n bá fẹ́ gbà á, kí wọ́n gbà á,” Mọ́mì wí. “Gbé ọmọ yẹn pọ̀n kó o máa sáré.”

Mo tú ọmọbìnrin náà sílẹ̀, mo fi ọ̀já kan náà pọn ọmọkùnrin yẹn. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tí ó ti mọ́ lára. Ẹnì kan ti fún un ní bisikíìtì, bóyá Mọ́mì ni, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, èérún rẹ̀ ń bọ́ sí mi lọ́rùn. Mo sáré kọjá ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń din adìẹ, mo sáré kọjá àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Wọ́n ń wò mí. Ìgbà tí mo dé ìdajì ọ̀nà ni mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, mo rí i pé ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ti gbàgbé bàtà rẹ̀ nílé. Kò sí bí mo ṣe lè padà.

Nígbà tí mo dé ẹnu géètì, mo rí ọkùnrin kan tó ń sáré yí pápá náà ká nínú òjò. Kò wọ kóòtù. Orúkọ kan ló ń pè, ohùn rẹ̀ sì ti há. Àwọn obìnrin méjì ń wo abẹ́ igbó, ẹnì kan ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Mo dúró. Mo fẹ́ pariwo, ẹnu mi là, kò sí ohun tó jáde. Mi ò tíì gbé ohùn sókè rí ní ìlú yìí. Ọkùnrin náà tún sáré lọ sí ọ̀nà òdìkejì, ó ń jìnnà sí mi, ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn mi tó ń jẹ bisikíìtì.

“Ó wà níbí o!”

Yorùbá ló jáde lẹ́nu mi. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè náà nínú wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn yíjú.

Bàbá ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ mi kí n tó mọ̀. Ó di ọmọ náà mú, ó ń fà á, ọmọ kò bọ́, nítorí mo ti so ọ̀já le gidi gan-an kí n lè sáré. Òjò ti mú kókó rẹ̀ le sí i. Ó ń fà á lẹ́yìn, èmi ń tú u níwájú. Mo fi eyín tú u nígbẹ̀yìn. Nígbà tó gba ọmọ rẹ̀ tán, ó kọ́kọ́ gbá a mọ́ra, ó wá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Ó béèrè ibi tí bàtà wà. Mo ní ó wà nílé wa. Ó tún béèrè, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ohun tí bàtà ọmọ òun ń ṣe nílé wa. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo mọ̀ ti sá. Mo di ọwọ́ mi bí ẹni tó di òrùka mú, mo gbé e sókè, mo fi hàn án. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. Ọmọ náà na ọwọ́ sí mi, ó ń béèrè bisikíìtì mìíràn.

Àwọn ọlọ́pàá dé, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu Mọ́mì lórí fóònù, wọ́n ti mọ ilé wa. Gbogbo wa jọ padà síbẹ̀, bàbá ọmọ náà tẹ̀lé wa torí bàtà. Ọlọ́pàá obìnrin yẹn kò jágbe mọ́ wa. Ó béèrè lọ́wọ́ Mọ́mì pé ọmọ mélòó ló wà lábẹ́ ìtọ́jú wọn lọ́jọ́ náà.

Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Àwọn ọmọ ń dáhùn lórí ẹní, “Mà! Mà!” Obìnrin náà ní iye ni òun ń béèrè. Mọ́mì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́, wọ́n rọra ń pè é, òógùn ń yọ níwájú orí wọn. Bàbá ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà kékeré méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò wá. Mo mọ̀ pé Mọ́mì mọ iye wọn. Wọ́n máa ń kọ ọ́ fún káńsù. Ṣùgbọ́n kíkọ yàtọ̀ sí kí wọ́n fi ẹnu wọn sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ náà.

“Mẹ́fà ni,” ni mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ. Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi.

Mọ́mì fúnra wọn ló sọ fún àwọn òbí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń wá gbé ọmọ wọn. Ìyá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Mọ́mì, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ìyá mìíràn gbé ọmọ rẹ̀ lọ, kò mú un padà wá mọ́. A ò tíì kà wọ́n rí, ọ̀kan sì ti dín. Mo béèrè lọ́wọ́ Mọ́mì bóyá kí n máa padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ṣé àwọn lé mi ni, wọ́n sì ní kí n lọ wo ìrẹsì lórí iná.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì tó ń mójú tó irú iṣẹ́ wa. Ó jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, àti ti okùn àti ti òrùka. Ó ní wọn ò ní gba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n òrùka kì í ṣe ọmọ. Tí a bá ń jáde, tí a bá ń wọlé, kí a máa ka orí kọ̀ọ̀kan, kó jáde lẹ́nu. Ó ní òun fẹ́ rí i kí òun tó lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun ò lè kọ ọ́ pé iṣẹ́ lè tẹ̀ síwájú.

Mọ́mì dìde. Wọ́n na ìka sí orí ọmọ àkọ́kọ́. Ìka náà dúró síbẹ̀, kò lọ, kò bọ̀.

Mo ti gbọ́ pé Mọ́mì sin ọmọ nílé kí wọ́n tó wá sí ìlú yìí. Mi ò gbọ́ iye wọn rí.

Obìnrin náà ń dúró. Mo jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnì, mo gbé ọwọ́ lé orí ọmọ tí Mọ́mì ń nàka sí. “Wáànù.” Mo gbé e lé orí èkejì. “Túù.” Obìnrin náà ní òun ò gbọ́ mi dáadáa. Mo bá pariwo rẹ̀, títí dé márùn-ún, àwọn ọmọ rò pé eré ni, wọ́n ń pariwo rẹ̀ tẹ̀lé mi. Mọ́mì ti kọjú sí fèrèsé.

Àlejò wa kọ ọ́ pé iṣẹ́ lè tẹ̀ síwájú, ó sì lọ. Mọ́mì ń ṣa bulọ́ọ̀kì ike sínú apẹ̀rẹ̀.

“Gẹ̀ẹ́sì lo fi kà wọ́n,” wọ́n wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Wọ́n ju bulọ́ọ̀kì kan sí i sínú apẹ̀rẹ̀.

“Gẹ̀ẹ́sì náà ni kó o máa fi kà wọ́n. Àwọn tí mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.”

Mo wo ojú wọn bóyá wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn ò ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ náà sórí àpótí, wọ́n lọ gbé mílíìkì àwọn ọmọ kaná.