Lẹ́tà Ànjẹ̀mí tí Ó Da Àgọ́ Ológun Rú

Rokibat ọmọ Sulaiman, Sulaiman ọmọ Àbùbákàr, Àbùbákàr ọmọ Hàrúnà tí ó gbé wàláà kọ́ èjìká láti Kàtìsínà wọ Ìlọrin. Tàdáà, yíǹkì àwọn aláfàá, ni oko wọn, kálámù ìkọ̀wé ni ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ó. Nígbà tí àwọn ìdílé mìíràn ń pín ilẹ̀, ìwé ni àwọn ń pín. Sulaiman kò bí ọkùnrin. Rokibat nìkan ṣoṣo ni ó bí. Ó wo ọmọ náà títí, ó ní, "Kálámù kò kúkú béèrè irú ọwọ́ tí ó mú un." Bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní kéwú, ó sì kọ́ ọ ní ànjẹ̀mí, ìyẹn èdè Yorùbá tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Rokibat kò fi ẹsẹ̀ kan ilé ìwé òyìnbó rí. Síbẹ̀, nínú ìsọ̀ tùràrí rẹ̀ ní Táíwò Road, kò sí ìgò tí kò fi ànjẹ̀mí kọ orúkọ sí lára.

Ọmọ kan ni Ọlọ́run fi ta òun náà lọ́rẹ: Abdulwaris, géńdé gíga bí ọ̀pẹ, sájẹ́ǹtì nínú iṣẹ́ ológun. Nígbà tí wọ́n kó òun àti àwọn ológun orílẹ̀-èdè mìíràn lọ sí òkè òkun láti ṣọ́ ìlú kan tí ogun ń jà, fóònù ni tọmọtìyá fi ń rí ara wọn. Lójoojúmọ́ ni Rokibat ń bi í bóyá ó ti jẹun. Nígbà tí ó yá, àwọn ológun rí i pé fóònù ni ọ̀tá fi ń mọ ibi tí àgọ́ wà. Ọ̀gá wọn, kọ́nẹ́ẹ̀lì òyìnbó kan, gba gbogbo fóònù wọn pátá. Ó ní lẹ́tà ni kí kálukú máa kọ, bàálù tí ń kó oúnjẹ ni yóò máa gbé e.

Àwọn ìyá ológun yòókù ń sunkún, ẹ̀rín ni Rokibat ń rín. "Lẹ́tà kẹ̀? Wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ dé ilé baba mi nìyẹn!"

Ojú ewé mẹ́rin ni ó kọ kún. Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó di ọ́fíìsì àwọn ológun tí yóò bá a fi ránṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ kò tíì kọjá Post Office tí ó ti ka lẹ́tà náà sí awakọ̀ létí lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, obìnrin ológun kan dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Lùtẹ́náǹtì Bilkisu ni orúkọ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Ìyá. Ṣé ẹ̀yin ni ìyá Sájẹ́ǹtì Abdulwaris?"

"Èmi ni. Ṣé ó ti jẹun?"

"Ìyá, wọ́n ti tì í mọ́lé. Wọ́n ní ó ń gba ìwé àṣírí lọ́wọ́ ọ̀tá. Bí a kò bá rí àlàyé ṣe lónìí, bàálù ọ̀la ni yóò gbé e wálé, wọn yóò sì já ipò rẹ̀ gbà."

"Ìwé àṣírí wo?"

"Lẹ́tà yín ni, Ìyá. Lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n rí, kò sì sí Lárúbáwá tí ó gbọ́ ọ."

Rokibat kò mọ ìgbà tí ó gbé bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì. Bẹ́ẹ̀ ni ó wọ̀ ọ́ dé ọ́fíìsì.

Lójú ẹ̀rọ àwọn ológun tí ń gbé àwòrán àti ohùn wá láti òkè òkun, ó rí ọmọ rẹ̀ láàárín oníbọn méjì. Kọ́nẹ́ẹ̀lì jókòó, ojú rẹ̀ le bí ojú ọlọ. Hamzah, ọmọ Lárúbáwá kan tí ó jẹ́ ológun bíi tiwọn, ni ó mú lẹ́tà náà dání. Àgọ́ mìíràn ni àwọn ọmọ Ìlọrin yòókù wà; nínú àgọ́ ọ̀hún, Abdulwaris nìkan ni ó gbọ́ Yorùbá. Wọ́n ti gbé lẹ́tà náà fún un pé kí ó kà á sókè. Ó fi ojú wò ó gààrà, ó sì ká ara kò bí ìgbín tí a fọwọ́ kàn. Ó ní kí wọ́n kúkú yìnbọn fún òun.

"Èmi kò mọ ànjẹ̀mí kà, Hamzah yóò kà á," ni Bilkisu wí. "Bí mo bá gbọ́ ọ, èmi yóò túmọ̀ rẹ̀ fún kọ́nẹ́ẹ̀lì."

Hamzah mọ lẹ́tà, kò mọ èdè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Bilkisu na etí títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ara Rokibat kò gbà á mọ́. Ó ṣán ọwọ́ mọ́ tábìlì.

"Dúró níbẹ̀! Ta ni ó kọ́ ọ ní kíkà? Má gbé e mì! 'Àkùkọ'! Tún un kà!"

Hamzah kò mọ ohun tí ó wí, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn olùkọ́ kéwú níbikíbi. Ó nà gbọnrangandan. "À-kù-kọ!"

Abdulwaris fi ọwọ́ bo ojú. Ìgbà náà ni Rokibat rántí ohun tí ó tẹ̀ lé àkùkọ nínú lẹ́tà rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á.

"Àkùkọ wo, Ìyá?" ni Bilkisu béèrè.

"Ẹ fo ìyẹn, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí ó kà á lọ síwájú."

"A kò gbọdọ̀ fo nǹkan kan."

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́," ni Abdulwaris ń bẹ̀bẹ̀.

Rokibat wo ọmọ rẹ̀. Ó wo ìbọn méjèèjì. "Abdul, kí ojú tì ọ́ lónìí sàn ju kí ojú máa tì ọ́ títí ayé." Ó wá tú u jáde láìmí: "Ohun tí mo kọ nìyí: 'O ní ẹ ń sin adìyẹ ní àgọ́. Rọra o. Bí o bá rí àkùkọ, má ṣe bíi ti ọjọ́ tí àkùkọ Ìyá Màríámù aládùúgbò wa lé ọ gun òrùlé, tí a fi àkàbà gbé ọ sọ̀ kalẹ̀.' Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún sì ni nígbà náà!"

Ẹ̀rín kò jẹ́ kí Bilkisu lè túmọ̀. Nígbà tí ó túmọ̀ tán, àwọn oníbọn náà di ìbọn wọn mú bí ọ̀pá ìtìlẹ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ Hamzah, ó yí i padà: ilé mẹ́sàn-án tí a fi ìlà pín, nọ́ńbà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Àgọ́ mẹ́sàn-án ni a pa síbí. Ta ni ó sọ fún un?"

"Hátímù nìyẹn! Ààbò ni. Bàbá mi kì í jẹ́ kí arìnrìn-àjò lọ láìyà á fún un. Ẹ rò ó pọ̀ lóòró, ẹ rò ó pọ̀ níbùú."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì ń fi ìka ṣírò. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí ó tó sọ̀rọ̀, Hamzah ti ki ọwọ́ bọ ọrùn ẹ̀wù ara rẹ̀, ó fa ońdè aláwọ kan yọ, ó fi ọ̀bẹ la á. Bébà kékeré jábọ́: ilé mẹ́sàn-án, nọ́ńbà kan náà.

"Ìyá ìyá mi ni ó fi sí mi lọ́rùn," ni ó wí.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì wo èyí, ó wo ìyẹn. Lójijì ni ó bú sẹ́rìn-ín, tí fìlà rẹ̀ fi jábọ́. "Sájẹ́ǹtì, padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ìwọ ni yóò máa fún àwọn adìyẹ lóúnjẹ."

"Abdul," ni Rokibat ké, "ṣé o ti jẹun?"

Hamzah ni wọ́n fi ṣe ẹni tí ń yẹ lẹ́tà ànjẹ̀mí wò. Kò pẹ́ tí ó fi ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Rokibat kọ kí ọmọ rẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, pẹ̀lú ipò rẹ̀ lápá. Gbogbo rẹ̀ ni ó dé ọwọ́ ẹni tí a kọ ọ́ sí. Lẹ́yìn ìsọ̀ tùràrí, ó kọ́ ìyá ológun mọ́kànlá ní ànjẹ̀mí. Mẹ́sàn-án nínú wọn ń fi ọwọ́ ara wọn kọ̀wé sí ọmọ wọn títí di òní. Sulaiman kò fi ọkùnrin sílẹ̀. Kálámù rẹ̀ kò sì gbẹ.